Ọwọ́ Ọ̀tún Adájọ́ Doyin

Bí wọ́n bá ní kí n dárúkọ ọkùnrin kan ṣoṣo ní ìlú New York tó máa ń kí ara rẹ̀ nínú dígí kó tó kí ìyàwó rẹ̀ láàárọ̀, mi ò ní í ronú lẹ́ẹ̀mejì. Adédoyin Olúsànmí ni. Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀ o. "Mílọ́ọ̀dù" ni kí ẹ pè é. Bí ẹ bá gbàgbé, yóò dúró, yóò máa wò yín títí ẹ ó fi rántí, ì báà jẹ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ lẹ ti pàdé.

Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé adájọ́ àgbà ni. Rárá o. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó jókòó sínú yàrá kékeré kan tí kò ní fèrèsé, kí àwọn tó gbé mọ́tò síbi tí kò yẹ wá máa rojọ́ níwájú rẹ̀, kí òun sì ní kí wọ́n lọ san ìtanràn wọn. Àga tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ ni àga adájọ́ gidi, èyí tí àwọn ará Brooklyn ń dìbò yan èèyàn sí, tí gbogbo ilé ẹjọ́ á dìde fún ẹni náà bó bá ń wọlé. Ó ti dupò náà nígbà kan rí, ó fìdí rẹmi. Ọdún yìí ni àǹfààní rẹ̀ ìkẹyìn, torí ó ti lé ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rin, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹni tó bá ti pé àádọ́rin jókòó sórí àga yẹn. Bí èyí bá bọ́, inú yàrá tí kò ní fèrèsé ni yóò wà títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Èmi tí mò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ yìí náà mọ̀ pé oúnjẹ kì í lọ dáadáa lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ bó bá ti rántí.

Nínú ilé pàápàá, ìdájọ́ ló máa ń dá. Bí ìyàwó rẹ̀ bá gbé oúnjẹ àárọ̀ kalẹ̀, yóò fi awò sójú, yóò tọ́ ọ wò, yóò wúkọ́, yóò wá ní, "Lẹ́yìn tí mo ti gbé ẹyin yìí yẹ̀wò tinú tòde, tí mo sì ti gbọ́ tẹnu gbogbo àwọn tọ́rọ̀ kàn, mo dá a ní ẹjọ́ pé iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù."

"Ẹ lọ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn," ni ìyàwó rẹ̀ máa ń wí, tí yóò sì gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àwòrán ìpolongo rẹ̀ díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, adájọ́ kì í dé irun kankan lé irun orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Mílọ́ọ̀dù ní òun ò lè ya àwòrán ní orí òfìfo bí akọ̀wé báńkì. Ó yá irun funfun tí àwọn adájọ́ ilé ní Nàìjíríà máa ń dé lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, èyí tó gùn dé èjìká, ó wọ aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀, ó fún ẹnu pọ̀, wọ́n sì ya á. Àwòrán ọ̀hún kò fi nǹkan kan hàn ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ rọ̀bọ̀tọ̀ méjì àti irun lọ. Wọ́n wá fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ADÁJỌ́ DOYIN sísàlẹ̀.

Oyíndà sọ fún un nígbà náà. Oyíndà yìí ni agbẹjọ́rò tó ń darí ìpolongo rẹ̀, ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan náà ni wọ́n, obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, tó ní irú sùúrù tí kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn agbẹjọ́rò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn èèyàn ò ní dá yín mọ̀ nínú fọ́tò yìí o."

"Ta ló ní kí wọ́n dá mi mọ̀?" ni Mílọ́ọ̀dù fèsì. "Kí wọ́n bẹ̀rù mi ló ṣe pàtàkì."

Ẹnìkan ṣoṣo tó fara mọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni Mísbáù, ọkùnrin kan tó ń ta ìnṣọ́ráǹsì, tó sì ń retí pé wọ́n á fi òun ṣe akọ̀wé kọ́ọ̀tù. Bí Mílọ́ọ̀dù bá sín, Mísbáù á ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin.

Oyíndà ló mú àbá alùpùpù wá, ó sì ṣe é tọkàntọkàn. Ẹgbẹ́ kan wà ní Springfield Gardens tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Ẹṣin Irin, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n fẹ́ràn láti máa gun alùpùpù. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Sátidé ìsinmi tí wọ́n fi ń rántí àwọn ológun tó kú, wọ́n máa ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gba Linden Boulevard lọ sí Flatbush ní Brooklyn, tọmọdé tàgbà á sì jáde wá wò wọ́n. Hameedah tó jẹ́ olórí wọn gbà pé àwọn á gbé àsíá Mílọ́ọ̀dù lọ́dún yìí. Ibi tí wọ́n ń lọ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Pásítọ̀ Justin, ọmọ Jamaica tí ìjọ rẹ̀ wà ní Church Avenue, ti pe àwọn olórí ìjọ gbogbo agbègbè náà jọ, àwọn ọmọ Erékùṣù bíi Jamaica àti àwọn ọmọ Nàìjíríà, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ẹni tó ń wá ìbò wọn. Ẹni tí wọ́n bá gbà lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n á lọ dárúkọ fún ìjọ wọn. Ẹni tí Flatbush bá sì kọ̀, kò sí bó ṣe fẹ́ dé àga yẹn.

"Ẹ̀yin á wà nínú mọ́tò lẹ́yìn wọn, Ẹ̀gbọ́n," ni Oyíndà ṣàlàyé, "ẹ ó máa juwọ́ sí wọn."

"Lẹ́yìn? Oyíndà, ẹ̀yìn ni orí máa ń wà lára èèyàn ni? Èmi ni màá ṣíwájú, lórí alùpùpù. Mount Hope la ó sì ti kọ́kọ́ gbà kọjá."

"Bronx ni Mount Hope, sà. Àwọn ará ibẹ̀ ò lè dìbò fún yín."

"Mo mọ̀," ni Mílọ́ọ̀dù wí. "Ṣùgbọ́n wọ́n mọ èèyàn yìn."

Ó pẹ́ kí Oyíndà tó bẹ̀ ẹ́ kúrò lórí Mount Hope. Ti alùpùpù kò ṣe é bẹ̀. Ó lọ kọ́ ọ. Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ méjì gbé e ṣubú, ó ní ẹ̀bi alùpùpù ni. Wọ́n wá wá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún un, ńlá, pupa, tó ní àga fífẹ̀ kan lẹ́yìn. Ó tún ra akoto dúdú kan tó bo orí, ojú àti àgbọ̀n, tí dígí iwájú rẹ̀ ṣú dùdù tí ẹnikẹ́ni kò fi lè rí imú rẹ̀. Ó dúró níwájú dígí pẹ̀lú rẹ̀, ó kí ara rẹ̀.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, gbogbo ẹgbẹ́ ti pé ní Springfield Gardens, ẹ̀rọ wọn ń dún gbùùrù-gbùùrù. Mílọ́ọ̀dù gun orí pèpéle ẹnu ọ̀nà ilé kan, Mísbáù sì gbé gbohùngbohùn sí i lẹ́nu.

"Ẹ̀yin ọmọ ogun òdodo!" ni Mílọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀. "Lónìí, Òfin fúnra rẹ̀ ni yóò gun alùpùpù! Lọ́jọ́ ọ̀la, bí àwọn ọmọ ọmọ yín bá bi yín pé, 'Màmá àgbà, níbo lẹ wà lọ́jọ́ tí Adájọ́ wọ Flatbush?' ẹ ó fi ìgbéraga dáhùn pé, 'Ẹ̀yìn rẹ̀ la wà, èéfín rẹ̀ la fà símú!'"

"Èéfín òdodo!" ni Mísbáù pariwo.

Ó sọ̀rọ̀ títí àwọn kan fi pa ẹ̀rọ wọn kí epo má baà tán. Nígbà tó dákẹ́ láti mí, Hameedah sún mọ́ ọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ ṣeun, sà. Ohun kan péré ló kù. Tí àwọn èèyàn bá ń kí wa lọ́nà, ọwọ́ òsì la fi ń dá wọn lóhùn o. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń fún alùpùpù níná. Tí ẹ bá yọ ọ́, ó máa dẹ̀ lójijì, àwọn tó wà lẹ́yìn sì lè kọ lù yín."

Mílọ́ọ̀dù wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó jẹun nínú bàtà. "Ọwọ́ òsì? Kí n na ọwọ́ òsì sí àwọn àgbàlagbà? Ṣé o ò gbọ́ ọ rí pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni?"

"Mo gbọ́ ọ, sà. Ṣùgbọ́n bàbá mi ò ní alùpùpù bí irú èyí nígbà tí wọ́n pa òwe yẹn."

"Ọwọ́ ọ̀tún ni màá lò," ni Mílọ́ọ̀dù wí. "Mo ti dá ẹjọ́ náà tán."

Wọ́n ní kó gbìyànjú rẹ̀ wò ní àdúgbò ná. Ìyá kan ń fomi rin òdòdó níwájú ilé rẹ̀. Mílọ́ọ̀dù yọ ọwọ́ ọ̀tún, ó jù ú sókè bí ọba. Alùpùpù dẹ̀ lójijì, Mísbáù tó ń wa mọ́tò bọ̀ lẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ gorí rẹ̀, àwọn yòókù sì ya sọ́tùn-ún sósì gun orí koríko ìyá olódòdó. Bí kò bá jẹ́ pé wọ́n mọ̀ ọ́n gùn ni, ilé ìwòsàn ni ìpolongo ì bá parí sí láàárọ̀ yẹn.

Ẹlòmíràn ì bá ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ n lo ọwọ́ òsì." Mílọ́ọ̀dù kọ́. Ó jókòó sórí alùpùpù, ó ronú, ó sì pe Oyíndà, tó fẹ́ wọ mọ́tò lẹ́yìn.

"Lẹ́yìn tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò," ni ó wí, "mo yàn ọ́ ní Ọwọ́ Ọ̀tún Adájọ́. Jókòó sẹ́yìn mi. Ọwọ́ tèmi á wà lórí iná, ọwọ́ tìrẹ á máa kí àwọn èèyàn. Bó bá ti kí wọn, èmi ni mo kí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni òfin aṣojú ṣe wí."

"Ẹ̀gbọ́n, mo wọ aṣọ funfun."

"Ó bá iṣẹ́ náà mu."

Mísbáù ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe ọwọ́ ọ̀hún, pé òun ti ń fojú sọ́nà fún irú rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ó sanra ju àga ẹ̀yìn lọ. Bí Oyíndà ṣe gùn ún nìyẹn. Wọ́n fún un ní akoto kékeré kan tí kò bo ojú. Ó jókòó ní ìdúró ṣánṣán, pẹ̀lú súùtù funfun àti yẹtí wúrà, ó sì gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ilé rí, ẹ bá mi dá sí i. Bí ẹ bá rí èèyàn méjì lórí ọkadà, tí ọ̀kan fi akoto bojú níwájú, tó tẹjú mọ́ títì, tí èkejì sì jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ funfun tó ń juwọ́, èwo lẹ máa kí ní ọ̀gá?

Wọ́n jáde sí títì. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, òòrùn mú díẹ̀, àsíá ń fì lẹ́yìn alùpùpù kọ̀ọ̀kan, Mísbáù sì ń pariwo nínú gbohùngbohùn, "Adájọ́ Doyin ń kọjá o! Ẹ wá wo Adájọ́ Doyin!" Nígbà tí wọ́n dé Linden Boulevard, àwọn èèyàn ti tò sí ẹ̀gbẹ́ títì. Inú akoto náà nípọn, ariwo kì í wọ etí Mílọ́ọ̀dù tán, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ "Doyin! Doyin!" níhìn-ín lọ́hùn-ún, inú rẹ̀ sì ń dùn débi pé ó ń kọ orin ìjọ jẹ́jẹ́ nínú akoto.

Ohun tí kò gbọ́ ni èyí tó kù. Àwọn onídìrí sáré jáde láti ṣọ́ọ̀bù wọn, kóòmù ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń pariwo pé, "Mummy Judge! Ẹ wo aṣọ lára wọn!" Orúkọ tí ọkùnrin ń jẹ́ ni Adédoyin, obìnrin náà ń jẹ́ ẹ. Àwòrán onírun gígùn ni wọ́n sì ti ń wò látoṣù bíi mélòó kan. Ta ló fẹ́ dá wọn lẹ́bi?

Níbi iná pupa kan, ọkùnrin kan tó dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ na ìka sí Mílọ́ọ̀dù. "Oní Márúwá!" ni ó wí ní Yorùbá tó dán mọ́rán. "Rọra wà á o! Èèyàn ńlá lo gbé sẹ́yìn yẹn!"

Mílọ́ọ̀dù wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá oní Márúwá náà. Ó mi orí. Ó ní bí òun bá dé orí àga, òun á wádìí ẹni tó gba kẹ̀kẹ́ Márúwá láàyè ní Brooklyn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti ń yé Oyíndà. Ó tẹ̀ síwájú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ kí ẹ ṣí akoto yẹn. Wọn ò rí ojú yín."

"Wọ́n ti rí fọ́tò mi."

"Fọ́tò yẹn gan-an ni mo ń sọ, sà. Wọ́n rò pé èmi—"

Iná yí padà, Mílọ́ọ̀dù fún alùpùpù níná, afẹ́fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ tó kù lọ. Oyíndà gbé ọwọ́ rẹ̀ sórí itan, ó ní òun ò juwọ́ mọ́. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ariwo àwọn èèyàn rọlẹ̀. Mílọ́ọ̀dù yí orí díẹ̀, ó sì kígbe tí gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́, "Ọwọ́! Ọwọ́ mi dà?"

Kí ni Oyíndà ì bá ṣe? Àgbà ni. Ó tún gbé ọwọ́ sókè, ariwo tún sọ.

Nígbà tí wọ́n dé Church Avenue, tẹ́ǹtì ti wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Pásítọ̀ Justin, akọrin ń kọrin, wọ́n ń lu ìlù onírin àwọn ará Tirinídáàdì tó ń dún kélekèle. Àwọn ìyá ìjọ ya bo alùpùpù náà. Wọ́n gbé Oyíndà sọ̀kalẹ̀, wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, èmi kọ́ o," ni Oyíndà ń wí.

"Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀!" ni wọ́n ń dáhùn, tí wọ́n sì ń fà á wọlé.

Akínwùmí, ọkùnrin tó ń tọ́ àwọn àlejò sọ́nà lẹ́nu géètì, fi ọwọ́ kan Mílọ́ọ̀dù léjìká. "Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yìn ni ti àwọn dírẹ́bà. Ẹ gbé e gba ibẹ̀ yẹn. Oúnjẹ wà níbẹ̀."

"Dírẹ́bà?" ni Mílọ́ọ̀dù wí. "Ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín," ni Akínwùmí fèsì, ojú rẹ̀ kún fún àánú. Àwọn mọ́tò tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè. Kò sí ààyè láti dá ẹjọ́. Kí Mílọ́ọ̀dù tó mọ̀, ó ti wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìdọ̀tí, ó mú akoto dání, wọ́n sì ti gbé pákì ìrẹsì kan lé e lọ́wọ́. Ó wo ìrẹsì náà. Ẹnikẹ́ni ò tíì fún un ní oúnjẹ láìpe orúkọ oyè rẹ̀ láti bí ogún ọdún.

Fóònù rẹ̀ dún. Oyíndà ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Pásítọ̀ Justin. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Ẹ gbọ́, sà, ó ti yọrí sí rere! Wọ́n ní adájọ́ tó lè gbé lọ́yà ẹ̀ sẹ́yìn gba Linden kọjá láìbínú, irú ẹ̀ ni Flatbush ń wá. Àwọn fúnra wọn máa pè yín. Ohun kan ni mo bẹ̀ yín fún. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ò ní láti sọ nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà rẹ́rìn-ín."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo fẹ́ kí ẹ dúró níbí yìí díẹ̀. Ní ìṣẹ́jú yẹn, àga tó ti ń fi oorun dù ú wà lábẹ́ ìdí rẹ̀. Ẹ̀rín lásán ni wọ́n ń béèrè. Ọmọ ọwọ́ lè rẹ́rìn-ín.

Pásítọ̀ Justin gbé ẹ̀rọ sẹ́nu. "Ẹ̀yin ará," ni ó wí, "a ti ṣe àṣìṣe kan lónìí, ó sì dùn mọ́ mi. Arábìnrin tí a gbé lọ sórí àga ọlá yìí kọ́ ni adájọ́. Agbẹjọ́rò rẹ̀ ni. Ẹni tó wà níwájú, tí a ní kó lọ jẹun lẹ́yìn, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni jà, òun gan-an ni. Ẹ dìde fún dírẹ́bà, nítorí dírẹ́bà ni adájọ́!"

Gbogbo tẹ́ǹtì dìde. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń súfèé, wọ́n ń lu àga. Àwọn Ẹṣin Irin tẹ fèrè alùpùpù wọn lóde. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Adédoyin Olúsànmí, àwọn èèyàn ò tíì pàtẹ́wọ́ fún un tó bẹ́ẹ̀. Ó gba àárín wọn kọjá lọ sórí pèpéle, àwọn ìyá ń fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń dún létí rẹ̀: dírẹ́bà. Oyíndà tẹjú mọ́ ọn láti orí àga rẹ̀, ó sì fi ìka fa ẹnu ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti rán an létí ẹ̀rín. Ó bọ́ sásán. Mílọ́ọ̀dù ń rò ó lọ́kàn pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ pásítọ̀.

"Ẹ jókòó," ni ó wí. Wọ́n jókòó. "Wọ́n ti ṣẹ̀ mí lónìí. Wọ́n ti ṣẹ Òfin. Èmi, Adédoyin Olúsànmí, tí mo kàwé ní ilẹ̀ méjì, ẹnìkan wo ojú mi, ó rí ọlọ́kadà! Ẹ gbé mi lọ sídìí àpótí ìdọ̀tí! Ẹ fún mi ní ìrẹsì nínú pákì! Ẹ wá gbé obìnrin tí mo fi ṣe ọwọ́ lásán jókòó sórí àga mi. Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé èyí jọ adájọ́ lójú yín?"

Àwọn ìyá ìjọ wo ara wọn.

"Nítorí náà," ni Mílọ́ọ̀dù ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ sì ń ròkè, "mo wọ́gi lé gbogbo àtẹ́wọ́ tí ẹ pa fún obìnrin yìí láti Linden Boulevard títí dé ìhín. Àtẹ́wọ́ ọ̀hún kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo sì pàṣẹ pé kí ẹ tún un pa, fún mi, látìbẹ̀rẹ̀, nísinsìnyí!"

Mísbáù nìkan ló pàtẹ́wọ́, pà, pà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá fi ọwọ́ náà nu ojú bí ẹni tí òógùn mú.

Hameedah ló dìde lẹ́yìn. Kò pariwo. "Sà, ọkadà ni bàbá mi ń wà ní Ìbàdàn. Owó rẹ̀ ni mo fi di nọ́ọ̀sì. A ti bá yín gun alùpùpù láti àárọ̀, a ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Ẹ ṣáà gba ọ̀rọ̀ yẹn padà, ká máa bá tiwa lọ."

Ẹ rántí ibi tí wọ́n wà. Flatbush ni. Ìdajì àwọn tó jókòó yẹn ló ti wa bọ́ọ̀sì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní dollar van rí, tàbí kó jẹ́ pé owó rẹ̀ ni wọ́n fi tọ́ wọn. Pásítọ̀ Justin pàápàá wà á títí Ọlọ́run fi pè é sí iṣẹ́ ìwàásù. Gbogbo ojú dá dúró sára Mílọ́ọ̀dù. Ilẹ̀kùn kékeré kan ṣì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún un.

"A kò gba ẹ̀rí yẹn wọlé," ni Mílọ́ọ̀dù wí.

Àwọn baba wa ní ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Pásítọ̀ Justin rọra gba ẹ̀rọ padà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò, ó sì fi àdúrà kúkúrú kan parí ìpàdé. Àwọn ìyá ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ tábìlì. Lóde, àwọn Ẹṣin Irin tú àsíá Mílọ́ọ̀dù kúrò lẹ́yìn alùpùpù wọn, wọ́n ká a dáadáa láìfi bínú, wọ́n sì tò ó sórí àga kan. Wọ́n lọ. Mo lè sọ fún yín nísinsìnyí pé nígbà tí ìbò dé ní oṣù tó tẹ̀ lé e, agbẹjọ́rò kan tí kì í pariwo, tó ń jẹ́ Kofi, ni Flatbush gbé wọlé.

Oyíndà dúró díẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ní orúnkún kan bó ṣe yẹ fún àgbà. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe ibi tí agbára mi mọ. Ẹ jẹ́ n máa lọ sílé." Kò bú u. Ì bá sàn fún Mílọ́ọ̀dù bó bá bú u. Bí Oyíndà sì ti yíjú padà ni Mísbáù sáré tẹ̀ lé e, ó ń bá a gbé báàgì, ó ń béèrè bóyá Aunty ò ní í fẹ́ dupò kan lọ́jọ́ iwájú, pé òun ti rí i láti àárọ̀ pé wọ́n ní ìrísí adájọ́.

Ó ku Mílọ́ọ̀dù àti alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó jókòó sórí rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó dé akoto rẹ̀ kí àwọn tó ń kọjá má baà wo ojú rẹ̀. Inú akoto náà gbóná. Ó mọ̀ pé àga náà ti bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Kò sì sí ẹlòmíràn tí òun lè dá lẹ́bi, àfi ara òun.

Ẹnìkan gbá a lẹ́yìn. Ìyá arúgbó kan ni, ó fi ìborùn kọ́ èjìká, ó gbé àpò ọ̀rá dání, irú àwọn ìyá tí ọmọ wọn mú wá láti ilé láti wá gbọ́mọ jó.

"Oní Márúwá, ìwọ ló kù. Ẹsẹ̀ ń ro mí. Gbé mi dé Nostrand, ọmọ mi."

Mílọ́ọ̀dù la ẹnu láti dá ẹjọ́. Ẹjọ́ kankan kò jáde. Ó mú akoto kékeré tí Oyíndà fi sílẹ̀, ó gbé e fún ìyá náà, ó dì í ní àgbọ̀n fún un, ó sì ràn án lọ́wọ́ tó fi jókòó.

Wọ́n ń lọ jẹ́jẹ́ lórí Church Avenue. Ìyá náà ń sọ̀rọ̀, bí àwọn tó bá wọ ọkadà ṣe máa ń bá ọlọ́kadà sọ̀rọ̀.

"Ṣé o wà nínú tẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀ṣì yẹn? Ojú mi ò ríran dáadáa, ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Ọkùnrin kan dìde níbẹ̀ lónìí. Gbogbo èèyàn ti dìde fún un, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, èmi náà ń pa á, ó ní a ò pa á dáadáa. Wọ́n ń bínú sí i. Èmi ò bínú o. Àánú rẹ̀ ló ṣe mí. Ó dà bí ẹni tí wọn ò kí dáadáa rí láti kékeré."

Iná pupa dá wọn dúró. Mílọ́ọ̀dù di ọwọ́ alùpùpù mú.

"Àbí o mọ̀ ọ́n ni?" ni ìyá náà béèrè.

"Rárá, Mà," ni ohùn kan wí láti inú akoto. "Mi ò mọ̀ ọ́n rí."